Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Ìyá Rédíò Fi Pa Ẹnu Mọ́

Ṣọ́ọ̀bù onírun kan wà ní ìkángun òpópónà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, tí kò ní pátákó orúkọ lára. Kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́nà á ti gbọ́ ohùn ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kó tó rí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, orúkọ yìí kò sì bí i nínú rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé rédíò gidi ń dákẹ́ tí iná bá lọ, kí wọ́n wá orúkọ tó ju ìyẹn lọ fún òun.

Ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní ọwọ́ rẹ̀ ò dáa o; ó mọ irun dì, ó sì mọ̀ ọ́n gé. Ṣùgbọ́n àwọn onírun mìíràn wà ní òpópónà kan náà tí ọwọ́ wọn dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé eṣinṣin nìkan ló ń jókòó sórí àga wọn. Ti Ìyá Rédíò, bẹ́ǹṣì á kún, àwọn tó kù á dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó kó kúrò nílé, ẹni tó ní òun rin ìrìn àjò tó sì jẹ́ pé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sá pamọ́ sí. Ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe olófòófó. Ohun tí wọ́n bá ní kó má sọ, ẹ fi ìyà jẹ ẹ́, kò ní sọ ọ́. Ohun tí wọn ò bá ti fẹnu kàn pé kó má sọ ni ti gbogbo ayé.

Àwọn kan ń bẹnu àtẹ́ lù ú nítorí èyí, àmọ́ èmi ò rí ẹ̀bi rẹ̀. Àpò ní ẹnu, kànga ní ẹnu, ìgò tí kò sọ̀rọ̀ rí pàápàá ní ẹnu, kò sí ẹni tó ń bá wọn jà. Ti Ìyá Rédíò tó ń lo tirẹ̀ ni wọ́n wá ń kà sí i lọ́rùn.

Ohun kan sì wà tí gbogbo oníbàárà mọ̀. Tí Ìyá Rédíò bá ń ṣe irun lọ́wọ́, tí ẹnu rẹ̀ wá dá lójijì, kí ẹni tó ni irun yáa máa gbàdúrà. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ fojú rí i. Wọ́n fi oògùn sí i lórí, oògùn pẹ́ jù, Ìyá Rédíò dákẹ́ láàárín ìtàn, nígbà tí wọ́n sì tú táwẹ̀lì, irun bá táwẹ̀lì lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń fi ẹnu rẹ̀ mọ bí irun wọn ṣe ń ṣe sí. Bó bá ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni ọkàn wọn ṣe ń balẹ̀ tó.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni. Bàbá ọmọ náà kú kó tó lè rìn, ìyá nìkan ló tọ́ ọ. Akọ̀wé ló ń pè é láti kékeré, ọmọ náà sì di akọ̀wé lóòótọ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà kan. Wọn ò jọra. Ohùn Akọ̀wé kì í jáde kúrò nínú yàrá tó bá wà. Tó bá fẹ́ iyọ̀ lórí tábìlì, á dìde lọ mú un yí ká ẹ̀yìn gbogbo èèyàn, dípò kó ní kí wọ́n bá òun nawọ́ ẹ̀.

Nígbà tó máa rí ẹni tí yóò fẹ́, inú ilé tó dákẹ́ jù láyé ló ti rí i. Bàbá ọmọkùnrin náà ń tún aago ṣe. Etí ló fi ń mọ àìsàn aago: á gbé e sétí, á dijú, á máa gbọ́ ibi tó ti ń kọsẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tó ti gbé ìyàwó, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sókè nínú ilé náà. Wọ́n lẹ aṣọ mọ́ etí ilẹ̀kùn kó má baà dún. Ṣíbí onígi ni wọ́n fi ń jẹun. Akọ̀wé lọ kí wọn, ó jókòó síbẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago, ara rẹ̀ balẹ̀ ju bó ṣe ń balẹ̀ nílé lọ. Wọ́n wá bi í pé irú èèyàn wo ni ìyá rẹ̀.

"Màmá mi?" ni Akọ̀wé wí. "Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu, kò ṣeé kó mọ́. Nígbà tí àwọn òbí ọkọ wá dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá kí ìyá, Akọ̀wé kó aṣọ gbígbẹ wọ pálọ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń ká wọn.

"Màmá, ìyẹn Sọ́ńdè tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀, àwọn òbí ẹ̀ fẹ́ wá kí yín."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Mo ti ní ohun tí màá bá wọn sọ."

"Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi pa ẹnu mọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Díẹ̀ bíi ti báwo?"

"Kẹ́ ẹ kí wọn. Kẹ́ ẹ wá máa rẹ́rìn-ín."

"Títí wọ́n á fi lọ?"

Akọ̀wé tú aṣọ tó ti ká, ó tún un ká. "Mo ti sọ fún wọn pé ẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ìyá Rédíò bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kó tó wá rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Ó dùn ún. Kí gbogbo ayé máa pè é ní rédíò, kò kan án. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fi ẹnu yìí tọ́ ló wá ń fi ẹnu yìí pamọ́ fún àna, bí ìgbà téèyàn ń fi abọ́ tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́ pamọ́ fún àlejò. Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́, ó sì ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ọ̀rọ̀ tó máa bá Akọ̀wé sọ ni, ọ̀rọ̀ gígùn tó lórí tó nídìí, tí yóò mú ọmọ náà sunkún ní ààrin, tí yóò sì mú un bẹ̀bẹ̀ ní ìparí. Ó ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun á sọ ọ́.

Ilẹ̀ mọ́, kò sí ohùn. Lóòótọ́, ó ti tó oṣù mélòó kan tí ohùn náà ti ń há, àmọ́ ẹnu ò jẹ́ kó sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó yọjú láti kí oníbúrẹ́dì, ohun tó jáde sì dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Oníbúrẹ́dì wẹ̀yìn wò, ó rò pé ẹlòmíì ló ń kí òun.

Akọ̀wé gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní kó la ẹnu. Ó là á. Ó ní kó tún là á sí i. Ó tún là á. Dókítà fi jígí kékeré wo inú ọ̀fun rẹ̀ títí.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Màmá?"

"Irun," ni ìyá wí, bí ẹni ń fa àga lórí símẹ́ǹtì.

Dókítà tún fi jígí wò ó. "Irun nìkan?"

Akọ̀wé wolẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé kókó ti so síbi tí ohùn ń gbà jáde, ọ̀rọ̀ àsọjù ló sì fà á. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kọrin, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá. Tó bá fi sọ̀rọ̀ kó tó pé, ohùn náà lè lọ, kó má padà wá mọ́. Ìyá Rédíò fẹ́ béèrè bóyá wọ́n lè bá òun dín in kù díẹ̀. Dókítà gbé ìka sókè, ó ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì, Akọ̀wé di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ìyá mọ ọmọ. Ẹnu Akọ̀wé ń sọ pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ń dúpẹ́. Ó ti ń ronú pé Sọ́ńdè àwọn àna bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, ó tẹnu mọ́ ọn pé àwọn ò ní sọ fún àlejò pé dókítà dá sí i. Wọ́n á béèrè ohun tó fà á, irọ́ á sì tú.

Ìyá Rédíò mú kóòmù, ó fi kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni èdè tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni rárá. Akọ̀wé gbọ́ ọ dáadáa, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀bù kò dáa. Olùkọ́ kan ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga, kò tíì gbọ́ ìròyìn. Ìyá Rédíò rẹ́rìn-ín sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irun. Olùkọ́ ń retí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ò wá. Ó yí ojú díẹ̀, ó rí i pé ẹnu ìyá pa dé. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀.

"Ìyá, kí ló ṣe irun mi?"

Ìyá Rédíò fi kóòmù kan jígí lẹ́ẹ̀mejì láti sọ pé kò sí nǹkan kan. Olùkọ́ ò mọ èdè yẹn. Ó fò dìde, pẹ̀lú irun tí ìdajì rẹ̀ ti dì tí ìdajì sì dúró ṣánṣán, ó sáré wọ ilé búrẹ́dì lọ wo orí rẹ̀ nínú gíláàsì tí wọ́n ń kó kéèkì sí. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló dá a padà, tó sì dúró láti gbẹnusọ fún onírun. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì pé irun wọn ò ní nǹkan kan, pé ọ̀fun ló ń ṣe ìyá. Wọ́n gbà, àmọ́ gbogbo wọn ṣì ń fọwọ́ kan orí.

Ẹ ò lè mọ bí ìyà ṣe jẹ obìnrin yìí. Àwọn èèyàn ń sọ ìtàn ní ojú rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ láìtọ̀nà, kò sì lè gbà á lẹ́nu wọn. Ẹnì kan ní ọmọ tí aládùúgbò bí ọkùnrin ni, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin ni. Kóòmù ń dún lára jígí ṣáá. Ẹnu ń yún un débi pé ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù kiri. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn tó kó jọ fún Akọ̀wé wà níbẹ̀, kò rí ibi bọ́ sí, ó ń gbóná sí i lójoojúmọ́.

Sọ́ńdè àwọn àna pé. Akọ̀wé ti fọ aṣọ tìmùtìmù, ó ti nu apá àga onígi títí ó fi ń dán. Àwọn àlejò wọlé pẹ̀lú ìrìn jẹ́jẹ́: Bàbá Aláago nínú kóòtù, ìyàwó rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó jókòó sí etí àga bí ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ fẹ́ dé, àti ọmọ wọn, tó ń wo Akọ̀wé bíi pé kò sí ẹlòmíì nínú yàrá. Wọ́n gbé aago tábìlì kan wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Akọ̀wé gbé omi àti bísíkíìtì kalẹ̀. Ìyá Rédíò tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó di kóòmù rẹ̀ mú.

Aago ń dún. Bàbá Aláago ò lè jẹ bísíkíìtì nítorí ariwo rẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó dúró kó rọ̀.

"Ilé yín mọ́ tónítóní," ni Ìyá Aláago wí.

Ìyá Rédíò rẹ́rìn-ín. Èsì mẹ́wàá ló ní sí gbólóhùn yẹn, pẹ̀lú bí òun ṣe rí ilé náà gbà àti ìjà tó wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ lórí ọmọ."

Ìyá Rédíò tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn ún.

"Ọmọ yín sọ fún wa pé ẹ kì í sọ̀rọ̀," ni Ìyá Aláago wí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wà láti ilẹ̀ wá."

Kóòmù kan apá àga: kọ́, kọ́.

Akọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi nù. Bàbá Aláago gbé orí sókè. "Ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà," ni Akọ̀wé wí kíá. "Màmá mi fẹ́ràn kí ibi gbogbo dákẹ́."

Kọ́, kọ́.

"Ó tún dún," ni Bàbá Aláago wí. Ó dijú, ó tẹ́tí sílẹ̀. "Kì í ṣe aago. Méjì méjì ló ń dún, inú igi ló sì ti ń wá." Ó gbé kóòtù rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ àga tí Ìyá Rédíò jókòó lé. "Kòkòrò ni. Ìyá, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i, wọ́n máa jẹ àga yìí tán mọ́ yín lábẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Rédíò, ẹkún náà sì wà nítòsí. Ó gbé kóòmù sí ẹsẹ̀. Ìyá Aláago ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wo ojú ìyá ìyàwó láti ìgbà tó ti jókòó, ó ń wá ohun kan níbẹ̀, kò rí i. Ó wá gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ sọ tẹnu yín fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí fẹ́ra wọn?"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú Ìyá Rédíò nígbà yẹn. Kò kàn fẹ́ gbà nìkan. Ó fẹ́ gbà, kó sọ ìdí tó fi gbà, kó yin ọmọkùnrin náà, kó béèrè irú oúnjẹ tó fẹ́ràn, kó sì sọ fún wọn pé Akọ̀wé kì í jẹ àlùbọ́sà. Gbogbo rẹ̀ ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó la ẹnu gbàgà. Ìka dókítà wá sí i lójú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì, tipátipá, omi sì dà lójú rẹ̀.

Ìyá Aláago rí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá rí. Ó rí obìnrin tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò wá ṣeé sọ lójú àlejò.

"Ó ti yé mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò síjà. Ó sàn kéèyàn dákẹ́ ju kó tàbùkù ẹni lọ." Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá Aláago jáde lábẹ́ àga. Ọmọ wọn dìde náà, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ nílé bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè. Ìyá Rédíò wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú abọ́ bísíkíìtì lọ́wọ́. Ó ní kí ohùn náà máa lọ tó bá fẹ́ lọ, ó ti bá òun ṣe tó. Ó mí kanlẹ̀ láti sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má sọ ọ́," ni ohùn kan wí. Ohùn náà ga, ó sì kún inú ilé. Ìyá Rédíò wá ẹni tó ni ín kiri kó tó rí i pé Akọ̀wé ni. Ó ti sọ abọ́ sílẹ̀, ó ti sáré dé ẹnu ọ̀nà ṣáájú àlejò, ó sì na ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ jókòó, sà. Ẹ ò lè lọ. Irọ́ ni mo pa fún yín. Màmá mi ò dákẹ́ rí láyé wọn. Rédíò ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ títí kókó fi so sí wọn lọ́fun, dókítà ló ní kí wọ́n dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ohùn wọn má baà lọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ yín. Tí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ ni, ẹ ò bá ti máa bẹ̀ wọ́n báyìí pé ilẹ̀ ti ṣú, ẹ fẹ́ máa lọ. Èmi ni ojú ń tì. Mo ní tẹ́ ẹ bá gbọ́ wọn, ẹ ò ní gbà mí."

Ó mí, kò sì dákẹ́. "Ẹnu tí mo ń fi pamọ́ yìí, òun ló mú mi wọ ilé ìwé. Wọ́n ní àyè ti kún. Àwọn ìyá tó kù mú ọmọ wọn, wọ́n padà sílé. Màmá mi dúró sí ẹnu géètì. Wọ́n bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ nígbà tó ń wọlé, wọ́n bá a sọ ọ́ nígbà tó ń jáde. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a tún lọ. Ọ̀gá gbà mí sílé ìwé kó lè ráyè kọ́ àwọn ọmọ tó kù."

Kọ́, kọ́.

"Mo ti fo ibì kan," ni Akọ̀wé wí, ó ń wo ìyá rẹ̀. "Kí ni mo fò, Màmá?" Ìyá Rédíò ò lè sọ ọ́. Ó kàn ń fi kóòmù na àga.

"Áà," ni Bàbá Aláago wí. "Kì í ṣe kòkòrò."

Ìyá Aláago ti padà jókòó. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, kí ẹ̀rín tó bú jáde, ẹ̀rín ńlá, tó mi ife lórí tábìlì. Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i bí ẹni tí aago tó ti kú lọ́jọ́ pípẹ́ ṣàdédé dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbọ́," ni Ìyá Aláago wí nígbà tó rí èémí mí. "Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọjọ́ tọ́mọ yín ní ẹ kì í sọ̀rọ̀, mo wọ yàrá lọ sunkún. Mo ní àna kan ṣoṣo tí mo máa ní náà tún yadi. Ìgbà wo ni dókítà ní kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀?"

Kò dìde títí ọ̀sán fi lọ. Òun àti Akọ̀wé ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, Ìyá Rédíò sì jókòó sáàárín wọn, ó ń dá sí i pẹ̀lú kóòmù. Wọ́n ti fẹnu kò lórí ìgbéyàwó náà kí bísíkíìtì tó tán. Bàbá Aláago mú bísíkíìtì kan. Ó rún un lẹ́nu, ó sì jẹ́ kó dún.

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, dókítà wo inú ọ̀fun, ó ní ó ti dáa, kí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn mélòó kan lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n máa dé ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ǹṣì ti kún. Olùkọ́ wà níbẹ̀. Oníbúrẹ́dì wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lápá, ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì í. Ìyá Aláago ló jókòó sórí àga onírun, ó ti tú irun rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ẹnu Ìyá Rédíò.

Ó wá ọ̀rọ̀ gígùn tó ti kó jọ nílé ìdáná, èyí tó yẹ kó mú ọmọ sunkún. Ó wá a títí, kò rí i mọ́. Ó yíjú sí Akọ̀wé.

"Ibi tó dùn jù lo fò," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì rọ̀. "Ọ̀gá ilé ìwé yẹn ò gbà nítorí ẹnu mi. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì. Mo ti fà ẹ́ lọ́wọ́, mo ní ká máa lọ sílé. Ìwọ lo já ọwọ́ ẹ gbà. O lọ di aṣọ ọ̀gá mú, o ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbà fún wọn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ká délé báyìí, èmi ni wọ́n máa sọ ọ́ fún.'"

Akọ̀wé wò ó. "Èmi?"

"Ìwọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní kó o wọlé. Ẹnu ẹ ló mú ẹ wọ ilé ìwé. Kì í ṣe ẹnu mi."

Omi lé ròrò sójú Akọ̀wé. Ìyá Rédíò ti mí èémí gbólóhùn tó kàn, gbogbo bẹ́ǹṣì sì ti nà síwájú, nígbà tí ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó tó fún tòní, Màmá. Ẹ jẹ́ n sọ ìyókù."

Ìyá Rédíò mú kóòmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun Ìyá Aláago. Akọ̀wé dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù, ó kojú sí àwọn èèyàn, ó sì tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó ń jáde dé òpópónà. Nígbà tó dé ibi tó fò níjọ́sí, kò fò ó mọ́.

Ìyá rẹ̀ fi kóòmù kan jígí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.